Ọwọ́ Yíikóle

Kò sẹ́ni tó lè ṣí ìgò tí Yíikóle bá dé. Ẹ má rò pé àsọdùn ni o. Nílé àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé, tó bá ti lè fọwọ́ kan ọmọrí ike iyọ̀ báyìí, ó parí, òun náà ni wọ́n á tún lọ jí lójú oorun pé kó wá ṣí i. Ọkọ àbúrò rẹ̀ fi eyín ṣí ìgò ṣúgà lọ́jọ́ kan. Ìgò ò mì. Eyín ló mì.

Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń se jáàmù ló wà látìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù dáadáa. Ẹ̀rọ ló ń da jáàmù sínú ìgò, ẹ̀rọ ló ń gbé ọmọrí lé e, àmọ́ ẹ̀rọ yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń dé nǹkan kó le. Yíikóle ló ń dúró síbi tí ìgò ti ń tò bọ̀, tí wọ́n ń kọlu ara wọn, gbin-gbin, gbin-gbin. Tí ọ̀kan bá dé iwájú rẹ̀, á gbá ọmọrí mú, á tẹ̀ ẹ́, á yí i, kíṣì! Ó di òmíràn. Ọ̀gá wọn á máa pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Yí i kó le! Yí i kó le!" Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn. Ìgbà tó yá, wọ́n ra ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n dé. Wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n fún un ní ìgò jáàmù kan, wọ́n ní ó dàbọ̀.

Látìgbà yẹn, orí àga gígùn tó wà ní pálọ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń sùn. Ẹ̀gbọ́n tó ra bàtà ilé ìwé fún àbúrò ló wá ń jókòó de àbúrò kóun tó jẹun. Gbogbo ibi tó ti wáṣẹ́ lọ, ewú orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ò bú u o, ká má parọ́ mọ́ ọn. Láràárọ̀ á kàn bẹ̀rẹ̀, á kí i dáadáa, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ṣì wà?"

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àbúrò rẹ̀ yìí, tó jẹ́ alásè nílé ìwòsàn, gbé àpò fùláwà kan wọlé.

"Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ ti dé o."

"Iṣẹ́ ìgò ni?"

"Ìgò kọ́. Síkóònù ni."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Àìsàn ni?"

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. "Búrẹ́dì kékeré róbótó tí wọ́n fi ń mu tíì ni! Àwọn dókítà ti ní káwọn aláìsàn má jẹ fùláwà funfun mọ́. Fùláwà tí wọn ò yọ èèpo ọkà rẹ̀ ni kí wọ́n máa jẹ. Ọ̀gá wa wá ń wá ẹni tí á máa yan án wá láti ilé. Mo ti dárúkọ yín."

"Èmi tí omi gbígbóná ń jóná mọ́ lọ́wọ́?"

"Ẹ ó kọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá ti lè rí i ṣe, ẹ̀yin náà á gba yàrá tiyín." Ó wolẹ̀. Yíikóle náà wò ó.

"Ọkọ ẹ ti sọ̀rọ̀, àbí?"

"Ó ní ìyá òun ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wa, tóṣù yìí bá parí. Orí àga yìí náà ni wọ́n á máa sùn."

Ọ̀rọ̀ tán. Yíikóle dìde, ó lọ fọwọ́.

Ẹ wá wo nǹkan ìyanu! Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fi orí ìka ra bọ́tà mọ́ fùláwà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí tó fi dà bí iyanrìn, ó da mílíìkì sí i, ó pò ó díẹ̀ báyìí, kò pò ó jù, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó wá ku gígé. Agolo kékeré tí wọ́n ti gé ìdí rẹ̀ kúrò ni wọ́n fi ń gé e.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ tààrà, ẹ fà á sókè tààrà. Ẹ má yí i o."

"Mo gbọ́." Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ yí i, Bọ̀ọ̀dá."

"Èmi kọ́! Ta ló yí i?"

"Ojú mi ló ṣe?"

Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ nínú ófúnù, gbogbo síkóònù yẹn ló tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí tó ń wá ògiri. Àbúrò ṣàlàyé pé téèyàn bá yí agolo, etí síkóònù á lẹ̀ pa. Ẹ̀gbẹ́ kan á wú, ìkejì ò ní wú. Àmọ́ adùn? Ó dùn dé egungun!

"Tó bá ti dùn, kí ló tún kù?" ni Yíikóle wí.

"Páálí tí wọ́n ń kó o sí ló kù. Ihò róbótó mẹ́fà ló ní, ọmọrí ike ló ń bò ó. Èyí tó bá tẹ̀ báyìí, ọmọrí ò ní lè dé."

Yíikóle rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ọmọrí! Ọmọrí kọ̀ láti dé mọ́ èmi lọ́wọ́!" Omi ojú yẹn ò tètè dá.

Kí ni ò ṣe tán? Ó fọwọ́ òsì gé e, ọwọ́ òsì náà yí i. Ó fi ìborùn di igi mọ́ ọrùn ọwọ́, èjìká ló bá a yí i. Ó fi ọ̀bẹ gé e onígun mẹ́rin, igun rẹ̀ há sétí ihò páálí. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ, ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e lọ fún ọ̀gá, àbúrò gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ fún mi. Tí wọ́n bá gbà yín, màá máa gé e sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ kó o sí fíríìjì. Tó bá di àárọ̀, kẹ́ ẹ yan án. Ta ló máa mọ̀?"

Ọ̀gá àwọn alásè, obìnrin kúkúrú kan tí ojú ẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, jẹ ẹyọ kan, ó pa ojú dé. Ó dé ọmọrí páálí, ó dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú ẹ̀ dùn débi pé inú dídùn yẹn gan-an ló bayé jẹ́.

"Kí lẹ tún máa gbé e wá láti ilé fún, Bàbá? Ibí lẹ ó ti máa ṣe é! Ẹ ó di òṣìṣẹ́ wa. Ẹ wá lọ́la, kí n fojú ara mi rí ọwọ́ yín, bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo alásè."

Lọ́jọ́ kejì, Yíikóle wọ aṣọ ìdáná funfun. Àbúrò rẹ̀ ń ro ọbẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kò gbójú sókè. Ó ra bọ́tà, ọ̀gá yìn ín. Ó tẹ́ ẹ, ọ̀gá tún yìn ín. Ó mú agolo. Nínú ikùn rẹ̀ ló ti ń bá ọwọ́ sọ̀rọ̀ pé, ìwọ ọwọ́ yìí, mo fi bàbá wa bẹ̀ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ tààrà, ó fà á tààrà. Ó dáa! Ìkejì, tààrà. Ìkẹta náà, tààrà. Ó ti ń fọkàn rí yàrá kan, fèrèsé kan, kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ fúnra ẹ̀.

Bí ẹnì kan ṣe ti kẹ̀kẹ́ ife gíláàsì wọlé nìyẹn. Àwọn ife ń kọlu ara wọn, gbin-gbin, gbin-gbin.

Yíikóle ò mọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, kò mọ̀ rárá. Ìgbà tí ṣíbí àbúrò rẹ̀ dákẹ́ nínú ìkòkò ló tó wolẹ̀. Ó ti gé gbogbo ẹ̀ tán, ó ti yí gbogbo ìyókù.

Wọ́n ṣáà yan án. Mẹ́ta nàró, ìyókù dùbúlẹ̀. Ọ̀gá tò wọ́n sí páálí, ó tẹ ọmọrí, ọmọrí fò sókè. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wo Yíikóle, ó wo ẹ̀yìn alásè tó ń ro ọbẹ̀.

"Bàbá, ta ló gé ti àná?"

Tó bá sọ òótọ́, iṣẹ́ àbúrò náà lọ.

"Èmi ni. Ara mi ni ò yá lónìí."

Ọ̀gá ò gbà á gbọ́, àmọ́ kò bá a jà. "Ẹ máa lọ sinmi, Bàbá. Ẹ lọ sinmi."

Nígbà tó délé, ẹrù ìyá ọkọ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Yíikóle ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, kò tilẹ̀ kún. Ó da ìyókù fùláwà sínú ìgò ńlá kí kòkòrò má wọ̀ ọ́, ó dé e.

Àbúrò wọlé nírọ̀lẹ́, ojú ẹ̀ ti wú. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká tún gbìyànjú ẹ̀ wò. Ibòmíì wà, tí wọn ò lo páálí. Ẹ ṣí fùláwà yẹn."

Yíikóle gbá ọmọrí mú. Kò ṣí. Ó fi aṣọ dì í mú. Kò ṣí. Òun fúnra ẹ̀, tó jẹ́ òun nìkan ló ń ṣí i fún wọn!

"Ẹ fún mi." Àbúrò fà á títí, ó gbé e kalẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kọjá, ó wo ìgò, ó fi ahọ́n kan eyín rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Dúró ná," ni Yíikóle wí. Ó gbá ọmọrí mú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ yí i. Ìgbà tó gbọ́ kíṣì ló tó mọ̀ pé ibi tí wọ́n ń dé e sí ni ọwọ́ òun tún gbà lọ.