Bíríkìlà Tí Ìka Rẹ̀ Kò Ní Ìlà

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ìtẹ̀ka ní ọ́fíìsì àwọn àjòjì kì í gba irọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba ẹ̀bẹ̀. Nígbà tí bíríkìlà kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Gúnrégé, nítorí pé ògiri tó bá mọ kì í tẹ̀ sí apá kan, gbé ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé dígí ẹ̀rọ náà, iná pupa ló tàn. Wọ́n nu dígí, wọ́n nu ìka, iná pupa tún tàn. Àgbà òṣìṣẹ́ obìnrin tó ń tẹ ìka fún àwọn àjòjì, ẹni tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ sí Ìyá Ìka, ti awò bọ ojú, ó fa ọwọ́ ọkùnrin náà mọ́ra, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

"Ọ̀gá, ìka yín kò ní ìlà."

"Ó ní in nígbà tí wọ́n bí mi, Màmá."

"Kí lẹ fi í ṣe?"

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ń mọ ilé."

Ìyá Ìka mi orí. Ó ti rí irú rẹ̀ rí. Sìmẹ́ńtì a máa jẹ ìlà ọwọ́ bí ikán ti ń jẹ ìwé, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo. Ó ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó má fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì, kí ó má fọwọ́ kan yanrìn, kí ó máa fi ìpara pa ìka láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Awọ yóò tún ara rẹ̀ ṣe, ìlà yóò sì padà. Ó kọ ọjọ́ tí yóò padà wá sí orí páálí kékeré kan: ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí fáìlì rẹ̀, ó sì fi ẹnu bíírò tọ́ka sí gbèdéke tó wà níbẹ̀. Ọgbọ̀njọ́ oṣù tó ń bọ̀ náà ni. Bí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò bá wọ inú ẹ̀rọ kí ọjọ́ yẹn tó kọjá, fáìlì tí Gúnrégé fi bẹ̀bẹ̀ pé kí ìyàwó àti ọmọ òun wá bá òun gbé yóò di títì pa, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́ gba ọdún mẹ́fà.

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ Gúnrégé pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Nísinsìnyí wọ́n ní àìṣiṣẹ́ ni oògùn ìka, ó sì lo oògùn náà bí wọ́n ti júwe rẹ̀. Ó jókòó sí yàrá tí òun àti onígbàjámọ̀ kan jọ háyà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń yáná. Onígbàjámọ̀ yìí kéré sí i lọ́jọ́ orí, kò sì bí i nínú láti máa fọ aṣọ àti abọ́ àwọn méjèèjì, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti dí i lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, obìnrin tí mo bá fẹ́, bí ọwọ́ ẹ̀ ò bá rọ̀ tó tiyín, mo máa dá a padà fún bàbá ẹ̀ ni."

"Fọ abọ́."

"Mo ṣáà ń fọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọwọ́ epo laráyé ń báni lá. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ò kúrò nínú ìpara látọjọ́ yìí, mi ò tíì rí ẹni tó yọjú."

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ìyàwó rẹ̀ a pè é lórí fóònù.

"Bàbá ọmọ mi, ọwọ́ ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ sípò."

"Ẹ gbé e sójú fóònù kí n rí i."

Ó gbé e síbẹ̀. Obìnrin náà wò ó pẹ́. "Kò jọ tiyín mọ́," ni ó wí, "ṣùgbọ́n bí ìyẹn ni wọ́n bá fẹ́, ẹ fún wọn."

Ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n dá fún un, ó bá àgádágodo ńlá kan lẹ́nu géètì ọ́fíìsì. Wọ́n ta àtíbàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì jókòó lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú páálí tí wọ́n kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn sí. Ìyanṣẹ́lódì ti bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá Ìka wà ní ìlà iwájú, ó so aṣọ pupa mọ́ apá.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́."

"A ò sí lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ kú ìjókòó."

"Ìyẹn ló tọ́." Ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. "Ọ̀gá, ẹ máà bínú. Ọdún mẹ́ta rèé tí ìjọba ti ṣèlérí àfikún owó oṣù fún wa. Èèyàn á dúró dúró, á sú u."

Gúnrégé, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti dúró fún ọdún mẹ́fà, rí i pé wọ́n jàre, ó sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá le níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó mọ òwúrọ̀ tí wọn yóò ṣí géètì. Ó lè jẹ́ ọ̀la, ó lè jẹ́ ọ̀tunla. Nítorí náà Gúnrégé kò lè padà sẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ kan péré. Ọ̀sán kan nínú sìmẹ́ńtì tó láti ba oṣù kan jẹ́. Fọ́máànù ibi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, nígbà kẹta ó gba ẹlòmíràn síṣẹ́. Onígbàjámọ̀ ló ń bọ́ ẹnu méjèèjì.

Ojoojúmọ́ ni Gúnrégé ń lọ sí abẹ́ àtíbàbà, tí Ìyá Ìka yóò sì gbé awò ńlá tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lé ìka rẹ̀ láti mọ bí ìlà ti ń jáde tó. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dìde, ó ní wíwo ìka àjòjì jẹ́ iṣẹ́, ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ ti da ẹgbẹ́. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí rẹ̀ fún wákàtí méjì. Ẹnì kan béèrè bóyá ojú jẹ́ ohun èlò ọ́fíìsì. Wọ́n nawọ́ ìbò, wọ́n sì fẹnu kò pé Ìyá Ìka lè fi ojú lásán wo ìka, nítorí tirẹ̀ ni ojú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi awò wò ó, nítorí ti ìjọba ni awò. Gúnrégé dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Báyìí ni ọgbọ̀njọ́ oṣù ṣe dé. Ó ti wà níbẹ̀ kí àwọn olùyanṣẹ́lódì tó dé rárá. Nígbà tó di ọ̀sán, Ìyá Ìka gba ọwọ́ rẹ̀, ó yí i sí oòrùn.

"Ó ti pé," ni ó wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń tẹ ìka, mi ò rí èyí tí ìlà rẹ̀ yọ báyìí rí."

Àwọn méjèèjì wo àgádágodo. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, gbogbo wọn dìde, nítorí pé ìyanṣẹ́lódì pàápàá ní aago ìparí iṣẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá."

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ìka wá kan ilẹ̀kùn yàrá wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀.

"Ògiri ẹ̀yìn ilé mi ni òjò wó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti ń wá bíríkìlà, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ ni mo lè bẹ̀. Ní báyìí, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

"Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí."

"Ìka yín ti gba òmìnira."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Gúnrégé fi mọ ògiri náà. Ìyá Ìka ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn fún un. Ó dúpẹ́, ó fi í kọ́ ìṣó, nítorí ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ kò lè mọ̀ bóyá sìmẹ́ńtì tí a pò ti ki jù tàbí ó ti ṣàn jù. Ó ṣiṣẹ́ bí ẹni tó gbààwẹ̀ tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oúnjẹ. Ìyá Ìka ló ń di orí kejì okùn tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ògiri gún mú fún un, tó ń gbé omi, tí kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ògiri dúró. Bí èèyàn bá gbé ẹyin lé e lórí, ẹyin náà kò ní mọ ibi tí yóò yí sí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹgbẹ́ so ìyanṣẹ́lódì rọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Gúnrégé lọ gba àwọn ìwé rẹ̀ padà kí ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé kan wà lára géètì. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Wọ́n ní ọjọ́ márùndínlógójì tí ìyanṣẹ́lódì gbà kò sí nínú ìṣirò, àti pé gbogbo fáìlì tí gbèdéke rẹ̀ bọ́ sí àárín rẹ̀ ti ní ọjọ́ márùndínlógójì mìíràn, láti òní.

Ó wọlé, ó tò, ó kàn án. Ó gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé dígí. Iná pupa tàn.

Ìyá Ìka kò ti awò bọ ojú. Ó rí sìmẹ́ńtì tó gbẹ sí ẹsẹ̀ èékánná rẹ̀, ó sì mọ ilé tó ti wá.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin," ni ó wí.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹgbẹ́ wa náà fún ìjọba ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti mú ìlérí ṣẹ. Bí wọn ò bá mú un ṣẹ, a máa padà síta."

"Láti ọjọ́ wo?"

"Láti òní."

Ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ wúkọ́. Ìyá Ìka fi ìka tọ àwọn ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà, ó padà sẹ́yìn, ó tún tọ̀ wọ́n, ó sì kọ ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀sẹ̀ kẹrin sórí páálí.

"Bí a bá kà á láti ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kan péré ni yóò kù kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé."

"Ṣé ìlà á ti jáde?"

"Ìlà ìka kì í wo kàlẹ́ńdà, ọ̀gá. Ẹ ṣáà jókòó."

Ìyàwó rẹ̀ pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣí géètì. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́?"

"Rárá. Wọ́n fi ọjọ́ kún un fún wa, ṣùgbọ́n ìlà ti tún lọ."

"Kí ló mú un lọ?"

"Mo mọ ògiri."

"Ògiri ta ni?"

"Ti obìnrin tó ń tẹ ìka."

Gúnrégé gbọ́ tí obìnrin náà ń fa àga.

"Ṣé ó gún?"

"Ó gún."

"Ó dáa. Ẹ gbé fóònù fún àbúrò yín onígbàjámọ̀."

Onígbàjámọ̀ gbà á, ó fi í sétí. "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó wa," ni ó ń wí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ pátá." Nígbà tó parí, ó kó irinṣẹ́ bíríkìlà tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì sínú àpò, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì gbé e lọ tì mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹ irun.