Ojú Tí Nùrẹ́nì Kò Gbé Sókè

Ní ọdún 1993, èèyàn mẹ́jọ ló ń gba ìtọ́jú gbaná ní ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìkòtún. Gbaná ni lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń fi iná sí lábẹ́, tí wọ́n ń fa èéfín rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi í sílẹ̀, ara á máa ro ó, á máa gbọ̀n, á máa bì. Oògùn tiwa máa ń mú ìnira yẹn rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí ó bá pàdé gbaná nínú ara kan náà, ẹni náà lè sùn kó má jí.

Nítorí náà ni òfin Dókítà Ọláoyè ṣe le: ẹni tí a bá rí pé ó ṣì ń fà á, a ó yọ orúkọ rẹ̀. Èèyàn mẹ́rìnlá ló ń dúró de àyè.

Èmi ló yẹ kí n mọ̀. Ojú ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí gbaná bá wà lára èèyàn, ọmọlójú rẹ̀ á sún kì, á kéré bí ihò abẹ́rẹ́.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn, mi ò sì fẹ́ràn ẹni tó ń pẹ́. Abraham, awakọ̀ kan láti Ẹ̀gbẹ́dá tó wà lára àwọn mẹ́jọ náà, máa ń bi mí pé, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ṣé aago ló bí yín ni?"

Nùrẹ́nì nìkan ni kì í pẹ́. Aránṣọ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Akówónjo. Bó bá ti dé, á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Bó bá dìde, á tẹrí ba, á fi ọwọ́ méjèèjì gba ife, á gbé oògùn mì, á tún dọ̀bálẹ̀ kó tó lọ.

"Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé," ni mo máa ń sọ fún àwọn yòókù. "Gbaná ò rí ìwà tirẹ̀ jẹ."

Abraham á ní, "Ẹ jẹ́ ká máa ṣe tiwa bẹ́ẹ̀ jàre."

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi kọ "ó dára" síwájú orúkọ Nùrẹ́nì. N kò wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ni á ní kí ọmọ tó tẹrí ba fún àgbà gbé ojú sókè?

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Sìdíkátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wá fún mi. Nùrẹ́nì ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nígbà kan nítorí gbaná. Obìnrin yìí ló rà á padà fún un.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti ń jẹun, ó sì ti ń ránṣọ."

"Ọmọ dáadáa ni," mo ní. "Kì í wo àgbà lójú."

Sìdíkátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Nùrẹ́nì wo? Tiwa? Ojú yẹn ló mú kó jẹ ìgbátí jù nílé wa! Bí Bàbá wa bá ń bá a wí, á ranjú mọ́ wọn títí wọ́n á fi gbàgbé ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n nà án, kò gbọ́. Àbí ẹ̀yin lẹ bá wa wo ojú líle ẹ̀ sàn ni?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ọmọ tí pàṣán ò lè mú wolẹ̀, kí ló mú un wolẹ̀ níwájú mi?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó tẹrí ba.

"Nùrẹ́nì, wò mí."

"Màmá, àgbà ni yín." Orí rẹ̀ tún lọ sílẹ̀ sí i.

Mo gbé ife kalẹ̀, mo ká aṣọ mi jọ, mo sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, kí n lè wo ojú náà láti ìsàlẹ̀.

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì dìde. "Yéè! Màmá kúnlẹ̀ fún ọmọdé!"

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!" Nùrẹ́nì dì mí lápá mú. "Ẹ má fi mí gégùn-ún!" Ó sì wò mí tààrà.

Ihò abẹ́rẹ́ méjì.

Mo mú un wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀?"

"Ó ti dín kù, Màmá. Ojoojúmọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni báyìí, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Wàláhì, mi ò purọ́."

"O ò purọ́? Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Ó ní, "Bí ẹ bá yọ mí, ọjọ́ méjèèje ni màá tún máa fà á. Ṣé ẹ rí i pé mi ò pa ọjọ́ kan jẹ rí?"

Inú bí mi sí i, ó sì bí mi sí ara mi. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti máa wo ojú, ìdọ̀bálẹ̀ ni mo ń wò.

Mo kọ ohun tí mo rí sínú ìwé orúkọ, mo sì gbé e lọ bá Dókítà. Ó kà á, ó ní, "Ẹ yọ ọ́."

"Ẹ yọ èmi náà. Èmi ni mo kọ 'ó dára'. Ọjọ́ méje ló ti di mẹ́rin, sà. Bí ẹ bá lé e lónìí, oògùn ọ̀sẹ̀ méje dà nù nìyẹn. Mi ò lè fọwọ́ sí ìfiṣòfò."

"Bó bá kú sí wa lọ́rùn ńkọ́?"

"Bí ojú rẹ̀ bá kéré, kò ní gba oògùn. Á jókòó síwájú mi, màá máa wọn ìfúnpá rẹ̀ títí ọmọlójú rẹ̀ á fi fẹ̀ padà."

Ó dá ìwé náà padà fún mi. "Mo fún yín ní oṣù kan. Èmi fúnra mi ni màá wá wo ojú náà."

Mo kéde fún àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì pé kò sí ìdọ̀bálẹ̀ mọ́ kí n tó rí ojú. Nùrẹ́nì dúró ṣánṣán bí òpó iná, ó ranjú mọ́ mi. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ẹ gbà mí o," ni Abraham ní. "Ó ń wo Màmá bí ẹni tó ń yẹ bàtà tó fẹ́ rà wò!"

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́rin ló jókòó tì mí láìgba oògùn. N kì í lè wo ọwọ́ tó wà lásán, nítorí náà mo kó kọ́tìnnì ilé ìwòsàn fún un láti tún rán. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ mẹ́ta. Ní ẹ̀kẹta, mẹ́ta. Ní ẹ̀kẹrin, kọ́tìnnì ti tán. Ọjọ́ kan péré ló jókòó tì mí, ó sì fi rán bọ́tìnnì sí aṣọ iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ tí oṣù pé, Dókítà wà lẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́fà. Nùrẹ́nì kò tíì dé. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dókítà wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, èmi wo ojú títì.

Ó sáré wọlé, òógùn bò ó.

"Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá!" mo pariwo. "Lónìí lo rí pẹ́!"

"Màmá, ẹ má bínú. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà. Mi ò fẹ́ gba igun tí wọ́n ti ń tà á."

Ó gbé ojú sókè. Ó tóbi, ó dúdú, ó ń dán: ojú tí Sìdíkátù sọ. Dókítà sún mọ́ ọn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀," ló ní, ó sì wọ yàrá rẹ̀.

Mo wọn ìfúnpá Nùrẹ́nì, mo gbé ife fún un, ó mu ún. Ó ṣì ranjú mọ́ mi, ẹ̀rín ń yọ létí ẹnu rẹ̀.

"Ó tó," mo ní. "Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni? Dọ̀bálẹ̀."