Ata Tí Mísbáù Lọ Já

Àfáà ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa ojú, gbogbo ilé ti ṣe àmín, síbẹ̀ Fatawu kò dìde. Sherifa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú abọ́ wáàkyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, lọ́wọ́, ó ń wò ó.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń ṣe àdúà yìí fún Mísbáù, ẹ̀gbọ́n Sherifa, ní àgbàlá wọn lẹ́yìn ọjà Kaneshie. Bí àdúà bá ti parí, Fatawu ni í dìde sọ̀rọ̀. Òun àti Mísbáù jọ dàgbà níbẹ̀ ni, wọ́n jọ wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Tema nígbà ogun Làìbéríà. Òun nìkan ló padà wá.

Ìtàn tó máa ń sọ kì í yí padà: Mísbáù dá dúró lẹ́nu afárá kan pẹ̀lú ìbọn, kò jẹ́ kí àwọn ọ̀tá kọjá títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sá àsálà. Ọdọọdún ni ìyá wọn ń gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Tó bá kan ibi tí ìbọn ti ba ọmọ rẹ̀, á fi etí ìborùn nu ojú, á sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Ìyá náà ti kú báyìí, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ààwẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Sherifa máa dá àdúà náà ṣe, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun yẹ̀ nínú rẹ̀.

Àfáà hú ikọ́, ó wo ọ̀dọ̀ Fatawu. Fatawu ní eékún ń dun òun, kí àwọn èèyàn máa jẹun. Wọ́n jẹun, wọ́n bá a dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n epo ọkọ̀ àti òjò tí kò tètè rọ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, olúkúlùkù ti gba ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ lọ. Fatawu nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, Afeefah, ọmọbìnrin Sherifa, ń fọ ìkòkò.

Sherifa gbé omi lọ fún un, ó sì jókòó tì í.

“Bọ̀dá Fatawu, ẹ ò jẹun.”

“Sherifa,” ni Fatawu wí, “irọ́ ni ìtàn yẹn.”

Kò gbójú sókè títí ó fi sọ ọ́ tán. Kò sí afárá kankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n tíì lò ní èbúté Monrovia, ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kan ni wọ́n ti ń dáná. Òun ló kàn láti se oúnjẹ lọ́jọ́ náà: ìrẹsì pẹ̀lú ẹja inú agolo, kò sí nǹkan mìíràn. Mísbáù tọ́ ọ wò, ó ní oúnjẹ aláìsàn ni. Ilé kan wà lódìkejì ọ̀nà tí àwọn onílé ti sá fi sílẹ̀, ata sì so pọ̀ létí ọgbà rẹ̀. Òun Fatawu wá fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé kí ẹni tó bá láyà lọ já a wá. Mísbáù ṣí akoto orí rẹ̀, ó fi ṣe agbọ̀n. Ó ti ń bọ̀, ó ń kọrin, kí àdó olóró kan tó já lulẹ̀.

“Kò jẹ̀rora rárá. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo rán an.”

Lọ́jọ́ tó padà dé, ìyá dì í lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í bí ọmọ òun ṣe jà. Ṣé kó wá ní nítorí ata ni? Ó pa irọ́ kan, ọdọọdún ló sì ń tún un pa. Ó ti fẹ́ jẹ́wọ́ kí ìyá tó kú, ẹnu rẹ̀ kò gbà á.

Mísbáù ni Sherifa ń rò: bó ṣe máa ń fi ata sápò lọ sílé ìwé, bó ṣe fi ọwọ́ ata nu ojú lọ́jọ́ kan tó sì ń sáré yí àgbàlá po, tí ìyá wọn ń fi kọ́ǹgò omi lé e. Ó pẹ́ tó ti rántí èyí kẹ́yìn. Jagunjagun ẹnu afárá ti gba ipò ọmọ náà lọ́kàn rẹ̀. Ó ń bu ọlá fún un, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n. Onítọ̀hún kò rẹ́rìn-ín rí.

“Ṣé ó kún?” ó bèèrè.

“Kí ni?”

“Akoto náà.”

Fatawu wò ó. “Ó kún dẹ́nu. Ó tún kó sí àpò méjèèjì.”

Ẹ̀rín gbé Sherifa, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ pẹ̀lú. “Ẹ mọ Bọ̀dá Mísbáù dáadáa,” ó wí. “Ká ní ẹ ò rán wọn gan-an, wọ́n á lọ.”

Fatawu mí kanlẹ̀. Nígbà tó yá, ó fa abọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ní kí wọ́n bù sí i.

Afeefah ti dúró ti ìkòkò látìgbà yìí. Ó sún mọ́ wọn, ìfófòó ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì kan ní Tema ló ti ń ṣiṣẹ́, Twi ló sì yá a lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

“Màámi, ọdún mélòó ni ó wà nígbà tí ó kú?”

“Méjìlélógún.”

Afeefah rò ó díẹ̀. “Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ.”

Bí ọmọ náà bá ti pe àgbà ní “ó” báyìí, kíá ni Sherifa máa ń tún un ṣe pé “wọ́n” ni. Ó la ẹnu. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, tí kò tíì hunjọ níbì kankan, ó sì rọra pa ẹnu rẹ̀ dé.