Ìwé Tí Mo Gé Èémí Rẹ̀

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ń to ọ̀rọ̀ sójú ìwé nílé ìtẹ̀wé wa, Aládàá sì ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá gbé igba ojú ìwé wá, bí mo bá fi máa gé àsọdùn kúrò nínú rẹ̀, ó lè ku ọgọ́jọ. Mo sì máa ń yan bọ̀ sílé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní akéwì kan fẹ́ tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa, mi ò kà á sí. Mo mọ̀ ọ́n, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Orí àpótí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kéwì ní ibùdókọ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ń yínmú sí i. Lónìí, gbọ̀ngàn tó ń gba ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ń kún nítorí rẹ̀, bàálù ló sì ń gbé e kiri. Lójú tèmi, ariwo ẹnu lásán ni.

Ewì gígùn kan ṣoṣo ni ìwé náà, ó kọ ọ́ nípa bàbá rẹ̀ tó jẹ́ jórinjórin. Nígbà tí mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, mo mí kanlẹ̀. Òfìfo ló kún inú rẹ̀. Yóò sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, yóò fi àyè tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin sílẹ̀, kó tó sọ ìyókù. Níbòmíràn, ìdajì ojú ìwé ni kò ní nǹkan kan. Mo ní ọmọ yìí kò mọ kọ̀ǹpútà lò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ni mo bá jókòó, mo pa gbogbo àyè náà dé. Ojú ìwé méjìléláàádọ́rùn-ún di mọ́kànlélọ́gọ́ta. A tẹ ẹyọ kan fún àyẹ̀wò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló wá wò ó. Obìnrin kúkurú kan báyìí, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ ròkè. Ó ṣí ìwé náà, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ to ìwé yìí?"

"Èmi ni. Mo bá ọ tún un ṣe. Àyè tó ṣòfò pọ̀ níbẹ̀."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ojú ìwé kìíní sókè."

Mo wọ awò mi, mo kà á. Kí n tó dé ìlà kẹsàn-án, èémí ti tán nínú mi, ikọ́ ló kù tí mo ń wú.

"Ohun tó máa ṣe bàbá mi nìyẹn," ó ní. "Èéfín irin ti ba àyà wọn jẹ́. Wọn ò lè sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin lọ kí wọ́n tó dúró mí. Wọn ò lè gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn, wọn ò rí mi lórí ìtàgé rí. Mo ní kí n gba ohùn mi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n ní rárá, ẹnu ara àwọn làwọn fẹ́ fi kà á. Dókítà sì ti ní ká má fi falẹ̀ mọ́."

Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké ewì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò wo ìwé. Ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó dákẹ́. Ẹni tó ń gé bébà dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ọ̀gá wa jáde sí wa tòun ti fóònù létí, kò rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti rí ọkùnrin tí mi ò pàdé rí, tó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, tó na ìka kan sí ọmọ rẹ̀ pé kó ní sùúrù, ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ẹ̀rù ẹ̀bùn ọmọ náà bà mí, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ara mi níbi tí mo dúró sí.

"Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́," mo ní. "Fa àga wá síbí."

Ọjọ́ méjì gbáko la fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Yóò kéwì, èmi yóò fi àyè sí i.

"Ó kéré, bàbá. Wọn ò tíì mí tán."

Èmi Aládàá, èmi ni mò ń bu òfìfo sínú ìwé. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun gan-an ti ṣahun nígbà tóun kọ ọ́, torí òun gbọ́ pé àwọn atẹ̀wé kì í fẹ́ràn àyè. Ojú ìwé méjìdínláàádọ́fà ló já sí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a jọ gbé e lọ bá bàbá rẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́bàá fèrèsé, àpá iná wà lọ́wọ́ wọn méjèèjì. Mo kí wọn, wọ́n mi orí. Wọ́n gba ìwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mẹ́ta, èémí gé. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ojú ìwé láti ẹ̀gbẹ́ wọn, ibi tí àyè wà gan-an ni wọ́n dúró sí. Wọ́n mí, wọ́n mí dé ìsàlẹ̀, nígbà tí wọ́n máa gbójú sókè, ọ̀rọ̀ tó kàn ń dúró dè wọ́n. Báyìí ni wọ́n ń kà á lọ. Akéwì tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń pàtẹ́wọ́ fún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Apá kìíní parí. Wọ́n fi ọwọ́ lé ojú ìwé náà, wọ́n wò mí.

"Láti bí ọdún mẹ́fà… tí àyà yìí… ti dá iṣẹ́ sílẹ̀… èyí ni ohun àkọ́kọ́… tí mo sọ parí."

Wọ́n fi ìka kan ahọ́n, wọ́n sì ṣí apá kejì.