Ilé tí Títíloyè Kò Sùn Sí Rí

Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ Akínfẹ́mi, tó ń tún fíríìjì ṣe l'Ógida ní Bìní, á ní ọkùnrin náà gọ̀. Kò gọ̀ o. Ìbẹ̀rù ìtìjú ló bà á jẹ́.

Nígbà tí Adéyẹmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kú ní Bìní níbí, àwọn ọmọ ìlú wọn gbé òkú lọ sílé ní Òkè-Igbó, wọn ò rí ilé kan tí wọ́n lè pè ní tirẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò ni wọ́n tẹ́ ọkùnrin bàǹtà-banta sí. Wọ́n padà dé, wọ́n sọ ọ́ dẹ̀fẹ̀ nípàdé ẹgbẹ́: àtìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kò kọ́lé tí wọ́n máa sin ín sí! Akínfẹ́mi ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà ò tíì kọ́ ilé adìẹ níbì kankan.

Bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ̀, Títíloyè, ti rí ilẹ̀ kan lọ́nà Ekosodin, ní Bìní níbí náà. Ilẹ̀ náà ga, omi kì í dúró níbẹ̀. Ohun tí obìnrin náà sì ń wá nìyẹn, torí yàrá méjì tí wọ́n háyà l'Ógida, bí òjò bá ti ṣú báyìí, ẹ tètè gbé bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù ni. Ògiri á rin gbingbin, àyà Títíloyè á máa dún hìì-hìì, ikọ́ ò ní jẹ́ kó sùn.

Ó kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. "Bàbá Motọ́lání, ibi tí mo ti ń wúkọ́ ni kí ẹ bá mi kọ́lé sí. Òkè-Igbó ò sá lọ."

Akínfẹ́mi ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kó ní sùúrù, tí òun bá kọ́ tilé tán, ti Bìní á tẹ̀ lé e. Títíloyè dìde, kò sì sọ ọ́ mọ́. Ọkùnrin yìí rò pé ó ti gbà. Ẹ̀yin ọkùnrin náà! Obìnrin tó bá dákẹ́, ṣé ó gbà náà nìyẹn?

Ilé tó kọ́ sí Òkè-Igbó dára, kí n má parọ́. Kànga wà lẹ́yìnkùlé, àyè sì wà lápá ọ̀tún tí wọ́n máa sin òun àti ìyàwó rẹ̀ sí. Ó ti ro ti ibojì kó tó ro ti ilé ìdáná. Lọ́jọ́ ìṣílé, ikọ́ ò jẹ́ kí Títíloyè lè wọkọ̀. Motọ́lání, àkọ́bí wọn, fi Píjìn bi bàbá rẹ̀ pé ta ló fẹ́ gbébẹ̀. Akínfẹ́mi nìkan ló lọ sùn níbẹ̀, ó sì padà s'Ógida. Nígbà tó fi máa ro ti Bìní, ọwọ́ ò tó o mọ́, ẹlòmíì sì ti mọ odi yí ilẹ̀ ọ̀nà Ekosodin ká.

Òjò ọdún yìí dé, omi wọlé bá Títíloyè lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Akínfẹ́mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń ṣèlérí pé tí ara rẹ̀ bá ti yá, Òkè-Igbó ni wọ́n ń lọ, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ.

Títíloyè mi orí. "Ẹ má gbé mi lọ síbẹ̀. Bí mo bá kú pàápàá. Mi ò mọ ilé yẹn."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá, wọ́n ní kí wọ́n gbé e relé, àbí kí ni wọ́n kọ́lé fún? Akínfẹ́mi fẹ́ gbà. Ó wo ojú Motọ́lání, ó rántí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, kò lè gbà. Itẹ́ òkú kan létí ìlú ni wọ́n ti ra àyè.

Wọ́n sin ín tán, àwọn èèyàn ń lọ. Motọ́lání dúró ti yẹ̀pẹ̀ tútù náà. Ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá, kì í sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn ó sọ ọ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Dádì, ẹ ti ra ilẹ̀ fún Mọ́mì ní Bìní."

Akínfẹ́mi jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń ké bí ọmọdé, kò sì sí ẹni tó fà á dìde.