Àkíyèsí Tí Adédèjì Kò Kà

Yéjídé Ọlátúnjí kì í pariwo bí inú bá bí i. Ńṣe ló máa ń wo ènìyàn bí ẹni ń wo àwo tí wọn kò fọ̀ tán. Ojú yẹn ló fi ń wo Adédèjì, ọ̀gá rẹ̀, láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti dé ọ́fíìsì wọn ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́, tó gbé ìwé ẹ̀rí mẹ́ta kọ́ ara ògiri kó tó béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ wọn ni láti bá àwọn olùtọ́jú kan ní ìlú mìíràn tọ́jú Ìtẹ́, ìpìlẹ̀ sọ́fítíwíà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ ètò èsì ìdánwò wọn lé lórí. Gbangba ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó bá wù lè wò ó, kó lò ó, kó sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yà bí ọgọ́rin ló para pọ̀ di Ìtẹ́, ọ̀kan gbára lé èkejì, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ará ọ́fíìsì náà kò rí sójú rí. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, èyí tó jókòó lé e yóò yẹ̀. Ìdí nìyí tí Yéjídé fi kọ nọ́ńbà ẹ̀dà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì kan, tó sì tì í pa: èyí tí wọ́n ti dán wò nìkan ni Ìtẹ́ yóò máa lò.

Adédèjì pe èyí ní ojo. Nípàdé oṣù kejì, ó ní ọlọ́gbọ́n kì í jẹ àjẹkù. Kí wọ́n ṣí fáìlì náà kí Ìtẹ́ máa fúnra rẹ̀ fa ẹ̀dà tó bá tuntun jù lójoojúmọ́. Yéjídé ní ẹ̀dà tuntun lè yí ìṣirò padà láìròtẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí Yéjídé tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, ó sì ṣí i lójú gbogbo wọn. Yéjídé dákẹ́. Ẹni tó ní òun mọ ọ̀nà, tó wá kọrí sí kòtò, ta ni yóò fà á lápá?

Ní oṣù kẹrin, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjàrẹ́ lẹ ipò àwọn ọmọ mọ́ ara pátákó ní ọjọ́ Ajé. Ọmọ méjì jọ ṣe ipò kẹta, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àánú sì ṣe kẹrin. Àwọn tó wà láti ipò kìíní dé ìkẹrin ni yóò lọ bá wọn díje nínú ìṣirò l'Ákùúrẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, káàdì èsì jáde, ipò karùn-ún ló wà lára ti Àánú. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbé káàdì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ara pátákó, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ èwo nínú méjèèjì ló ń purọ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rìnlá ti pe ọ́fíìsì Yéjídé.

Kò pẹ́ tí Yéjídé fi rí ohun tó fà á. Ẹ̀yà tó ń ṣírò ipò ti kúrò ní ẹ̀dà kìíní bọ́ sí èkejì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tẹ́lẹ̀, bí ẹni méjì bá jọ ṣe kẹta, kẹrin ló tẹ̀ lé wọn. Ní báyìí, àwọn méjèèjì ti gba àyè kẹta àti kẹrin. Karùn-ún ló kàn. Ẹni tó ni ẹ̀yà náà ni Bọ́lánlé Ọláwuyì, obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní ìlú Oǹdó.

Ojú ewé tí gbogbo ayé ti ń sọ̀rọ̀ nípa Ìtẹ́ ni Adédèjì kọ ọ́ sí, tòun ti orúkọ obìnrin náà, pé tísà kan tí kò mọ iṣẹ́ ló ba nǹkan jẹ́. Ó wá pinnu láti lọ bá a nílé, kí obìnrin náà lè dá ìṣirò àtijọ́ padà. Ó ní kí Yéjídé bá òun gbé kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n tó kọjá odò Ọ̀wẹnà, ó ti fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ dánra wò lẹ́ẹ̀mẹta, Yéjídé sì yíjú sí fèrèsé.

Ìwé ìdánwò ni Bọ́lánlé ń máàkì nígbà tí wọ́n dé. Ó fún wọn ní àga àti omi. Adédèjì sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tó lajú. Obìnrin náà jẹ́ kó tán, ó sì sún kọ̀ǹpútà tirẹ̀ síwájú rẹ̀.

“Ẹ bá mi kà á sókè, sà.”

Àkíyèsí ni. Ó sọ ohun tí yóò yí padà, ọjọ́ tí yóò yí padà, àti ìlà kan ṣoṣo tí ẹni tó bá fẹ́ ìṣirò àtijọ́ yóò fi kún tirẹ̀. Oṣù kìíní ni wọ́n kọ ọ́. Ohùn Adédèjì ń relẹ̀ bó ṣe ń kà á.

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín,” Bọ́lánlé sọ. “N ò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹ kà á nìkan ni mo ní kí ẹ ṣe.”

Adédèjì ní lẹ́tà pọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló yẹ kó rí i. Ó wo Yéjídé.

“Ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣí àpótí lẹ́tà yẹn, sà,” ni Yéjídé wí.

Yéjídé kẹ́gàn ọ̀gá rẹ̀ tọkàntọkàn níbi tó jókòó sí, ṣùgbọ́n ó bù díẹ̀ nínú ẹ̀gàn náà fún ara rẹ̀, nítorí dídákẹ́ tó dákẹ́ ní oṣù kejì.

Orí tábìlì Bọ́lánlé ni Yéjídé ti fi ìlà ọ̀hún kún Ìtẹ́, tó tún ti fáìlì pa, tó fi máàkì kíláàsì Àánú dán an wò. Bọ́lánlé dúró tì í, ó ṣe àtúnṣe ibi kan. Nígbà tí Adédèjì ní òun yóò pa ohun tí òun kọ nípa rẹ̀ rẹ́, obìnrin náà ní kó fi í sílẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè rí ẹni tó kọ ọ́.

Wọ́n tún káàdì tẹ̀. Àánú lọ síbi ìdíje náà. Kò gba ipò kankan, ṣùgbọ́n ó lọ. L'Ákùúrẹ́, Adédèjì sọ nípàdé pé òun ti lọ yanjú ọ̀rọ̀ l'Óǹdó. Àmọ́ àwọn olùtọ́jú Ìtẹ́ tó wà ní ìlú mìíràn ti ka ohun tó kọ àti àkíyèsí oṣù kìíní. Wọ́n dìbò pé kó má fọwọ́ kan fáìlì náà mọ́, Yéjídé sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó lè ṣí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí Adédèjì tó mọ̀. Nígbà tó mọ̀, ó ní òun fúnra òun lòun yọ̀ǹda iṣẹ́ fáìlì náà, nítorí iṣẹ́ ńlá ló wà níwájú òun.