Àlàfo Ojú Ọ̀run

Kọ̀ǹpútà tún fọ́n àmì funfun káàkiri ojú rẹ̀ dúdú, bí ẹni fọ́n iyọ̀ sórí aṣọ, àlàfo mìíràn sì tún yọ.

Obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ fọwọ́ lérán. Agbo ìràwọ̀ tó wà lókè réré ló ń kà jẹun. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tilẹ̀ sọ ọ́ ní Oníràwọ̀. Ó ti rí ibì kan lójú ọ̀run tí àwọn agbo náà ti ṣọ̀wọ́n gan-an, ó sì ti lo ọdún púpọ̀ láti fi hàn pé nǹkan kan ló lé wọn kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó tó kéde, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fọ́n àmì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún agbo ìràwọ̀ kan, bó bá ṣe bọ́ sí, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó rò pé wọn yóò tàn ká dọ́gba. Wọn ò tàn ká dọ́gba. Wọ́n ṣù jọ síhìn-ín, wọ́n ṣófo lọ́hùn-ún, àlàfo bí èyí tó rí lójú ọ̀run sì pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra.

Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó.

“Má bínú. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Ó ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó dùn ún pé iṣẹ́ ọdún gbọọrọ já sí asán, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ṣèèṣì, dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ nìyẹn lọ́jọ́ tí Oníràwọ̀ rí fọ́tò tí gbogbo ọmọ ìyá wọn yà láìsí òun níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kálukú kàn yà sílé òun lọ́jọ́ kan náà ni, wọn ò ṣàdéhùn. Oníràwọ̀ ò gbà. Ṣé èèyàn máa ń ṣèèṣì yọ ọmọ ìyá ẹni sílẹ̀ ni? Látìgbà náà, bí wọ́n bá pè é, á níṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kanra, bó ṣe ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn, títí tí kò fi sí ìyẹ́ ẹnikẹ́ni tó tún kàn án mọ́.

Ó ní kí kọ̀ǹpútà fọ́n òmíràn. Àlàfo tún yọ. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ó sì ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín: odidi ọ̀mọ̀wé, tó ń wá ẹni tó lé ìràwọ̀.

Ó mú fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Oníràwọ̀? Ṣé kò sí nǹkan?” Ẹ̀rù wà nínú ohùn ẹ̀gbọ́n, nítorí Oníràwọ̀ kì í pè é.

Ó wo àlàfo náà.

“Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti wò ó títí. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀ ni.”

Ọ̀rọ̀ náà ò yé ẹ̀gbọ́n. Síbẹ̀, Oníràwọ̀ gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n wọ́ àga, tó sì jókòó.